Ibi Tí Nǹkan Wà Kí A Tó Gbé E: Iṣẹ́ Awalẹ̀pìtàn àti Ilẹ̀ Ọ̀pin

 Ẹ̀yin ará Ọ̀pin, ẹ ní kí n wá sọ ohun tí awalẹ̀pìtàn ń ṣe, bí ènìyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà, àti ohun tó kan wa nínú rẹ̀ ní Ararọ̀mí, ní Ọ̀sì, ní Ìlọ́fà àti káàkiri ẹkùn Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ẹ yàn láti gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìṣúra ni à ń wá. Bí a bá ń gbẹ́lẹ̀, wọn a dúró tì wá, wọn a máa retí wúrà tàbí orí idẹ. Ohun tí à ń wá gan-an ni ibi tí nǹkan wà, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó wà lókè rẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àgbà tó wà níbí ti jókòó nídìí ẹjọ́ ilẹ̀ rí. Ẹ mọ̀ pé pèrègún ni ẹlẹ́rìí ààlà. Bí ẹnìkan bá fa pèrègún tu, tó gbé e wá sí kóòtù, tó ní òun ti gbé ẹlẹ́rìí òun dé, ta ni yóò dá a lóhùn? Igi ló gbé wá, ẹ̀rí ti kù sóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìkòkò àtijọ́, ìlẹ̀kẹ̀, ère àti egungun tí a bá hú láìkọ ibi tí a ti hú u sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ìlú Ẹsìẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ. Òkúta rírọ̀ tí irin ń wọ̀ wẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Àwọn mìíràn kéré débi pé ọwọ́ kan yóò gbé wọn, àwọn mìíràn sì ga tó mítà kan. Àwọn kan jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́, àwọn kan mú ohun èlò orin. Obìnrin wà nínú wọn tí irun orí wọn jẹ́ àrà, ilà sì wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ará Ẹsìẹ̀ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́, wọ́n ń bọ wọ́n, wọ́n sì ń ṣọdún wọn. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, rí wọn tó sì jẹ́ kí àwọn ará ìta gbọ́. Nígbà tó di 1945, wọ́n kọ́ ilé fún wọn síbẹ̀. Ilé yẹn ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Èkó kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn kọ́, àdúgbò wa níhìn-ín ni. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara mọ èyí.

Síbẹ̀, bí ẹ bá béèrè ẹni tó gbẹ́ àwọn ère náà, iyàn ni a ó máa jà. Àwọn kan nawọ́ sí Ifẹ̀, àwọn kan sí Nupe, àwọn kan sí Ọ̀yọ́. Ìtàn Ẹsìẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó di òkúta. Èmi kì í fojú kéré ìtàn yẹn. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn tó ń gbé Ẹsìẹ̀ lónìí kò sọ pé baba àwọn ló gbẹ́ ère náà, wọ́n ní àwọn bá a níbẹ̀ ni. Ẹ̀rí gidi nìyẹn. Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí wọn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ó sì kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1978. A rí ọ̀pọ̀ nǹkan kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí awalẹ̀pìtàn kankan tó débẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn ère jọ sójú kan, orí ọ̀pọ̀ ti kán kúrò lára. Èérún òkúta tí irin àwọn agbẹ́rè gé bọ́ sílẹ̀, èédú iná tí wọ́n yá, ìkòkò tí wọ́n fi jẹun, kò sí èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti jẹ́rìí. Ère tó lé ní 1,000, tí gbogbo wọn ń wò wá lójú, a kò sì lè fi ìdánilójú dárúkọ ìlú tó ṣẹ̀dá wọn.

Ẹ wá wo Ilé-Ifẹ̀. Ní 1938, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, irin wọn kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ìdùnnú pọ̀, òkìkí sì kàn. Àmọ́ ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́, kò sí ẹni tó wọn ibi tí orí kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ sí, kò sí ẹni tó pa èédú tó yí wọn ká mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan nínú wọn fi ré òkun kọjá. Méjì dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Igbó Olókun wà ní ìlú kan náà. Láti ìran dé ìran ni àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ láti tà. Leo Frobenius, ará Jámánì, gbẹ́ ibẹ̀ ní 1910. Ẹni tó bá débẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn lè sọ pé kò sí nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n láti 2010, Abidemi Babatunde Babalola, tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Rice University ní Texas, padà síbẹ̀. Kò wá orí idẹ. Ààtàn ló gbẹ́. Nínú ihò díẹ̀ tí òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́, tí wọ́n fi asẹ́ jọ erùpẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ 12,802 ni wọ́n rí, púpọ̀ nínú wọn kò tó ẹyọ àgbàdo. Wọ́n rí àpáàdì 812 láti ara ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, àti pàǹtí gíláàsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn kílò mẹ́ta.

Kí ni pàǹtí yìí sọ? Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé gíláàsì tó ti òkè òkun wá ni Ifẹ̀ kàn ń yọ́ tún ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé èyí lọ sí ilé àyẹ̀wò, ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn Lárúbáwá, ó yàtọ̀ sí ti Íńdíà, ó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, ó sì bá yanrìn àti àpáta agbègbè Ifẹ̀ mu. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn baba wa ń fi iná po gíláàsì tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni wọ́n sì ti rí ní Gao, lọ́nà jíjìn réré ní Mali. Ẹ̀yin ará mi, àpáàdì àti pàǹtí ló fún wa ní èyí. Èmi gbà pé nínú ohun tí ìwalẹ̀pìtàn ti ṣe fún Yorùbá láti ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí èyí tó ju èyí lọ. Ó sì ṣeé ṣe nítorí pé wọ́n kọ ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti wá sílẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́ kí a tó fi ọwọ́ ṣe é. Awalẹ̀pìtàn á lọ kí ọba, á lọ kí onílẹ̀, á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Àbújá. Lẹ́yìn náà ni á máa rin inú oko, ní pàtàkì nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè tàbí tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó koríko. Ó ń wo àpáàdì, ó ń wo ìdàrọ́ tó fi hàn pé àwọn kan ti yọ́ irin níbẹ̀ rí, ó ń wo ihò ọlọ lára àpáta, ó ń wo yàrà tó ti kún. Igi osè tàbí ìrókò tó dá dúró láàárín ẹgàn lè jẹ́ àmì ahoro. Gbogbo ohun tó bá rí ni yóò fi sínú máàpù.

Bí ó bá wá kan gbígbẹ́, a ó na okùn, a ó pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, a ó máa fi irin pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn bíríkìlà ń lò họ ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ṣọ́bìrì kì í sábà wọ̀ ọ́. Bí àwọ̀ erùpẹ̀ bá yí padà, a dúró. A kọ ọ́, a yà á ní fọ́tò, a wọ̀n ọ́n. Erùpẹ̀ gbogbo ń gba inú asẹ́ kọjá. Ohun tí a bá rí ń wọ inú ọ̀rá tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé tó sọ ihò tó ti wá àti bí ó ti jìn tó. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń pẹ́ ju ti òkè lọ, ṣùgbọ́n òkété lè ba èyí jẹ́. Òkété kan lè wa ihò kó ìdérí ìgò ọtí àná lọ sísàlẹ̀ sáàárín àpáàdì tó ti wà níbẹ̀ fún 500 ọdún. Ìdí nìyí tí a fi ń wo ògiri ihò fínnífínní, tí a sì ń yà á sórí ìwé, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi tí ẹranko ti gbà kọjá.

Lórí àpáàdì ni èmi lè sọ̀rọ̀ di alẹ́. Ara ìkòkò wa àtijọ́ kún fún iṣẹ́ ọnà: wọ́n yí okùn lílọ́ lórí amọ̀ tútù, wọ́n yí igi fínfín lórí rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá họ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ṣùkù àgbàdo lórí rẹ̀. Ẹ rántí pé láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ná òkun yẹn ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, bí mo bá rí ojú ṣùkù lára àpáàdì nínú ahoro kan, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀ lẹ́yìn 1500. Ìkòkò tábà náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, torí ọ̀nà kan náà ni tábà gbà dé. Àwọn tó kọ́ mi púpọ̀ nípa àpáàdì ni àwọn ìyá amọ̀kòkò. Bí ẹ bá lọ sí ibi ìmọ̀kòkò Dada ní Òkèléélé, Ìlọrin, ẹ ó rí àwọn ìyá tí ọwọ́ wọn ṣì mọ ohun tí a ń fi ọdún púpọ̀ wá nínú ìwé.

Èédú ni ó ń fún wa ní ọjọ́ orí. Ohun ẹlẹ́mìí gbogbo, igi, koríko, ènìyàn, ń gba kábọ́ọ̀nù sára. Oríṣi kan nínú kábọ́ọ̀nù yìí ń dín kù láti ọjọ́ tí nǹkan náà bá ti kú, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá wọn ohun tó kù yóò mọ bí igi náà ti kú pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n èédú tí kò ní àkọsílẹ̀ ibi tí a ti mú un kò wúlò ju èédú ààrò lọ.

Mo fẹ́ mú Ihò Eléérú wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́bàá Ìsàrùn, nítòsí Àkúrẹ́. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ inú ihò àpáta yẹn. Wọ́n rí òkúta tí ọwọ́ ènìyàn gé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan tí wọ́n sin síbẹ̀ ní nǹkan bí 11,000 ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lára egungun ènìyàn tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọdún gorí ọdún. Ní 2011, àwọn onímọ̀ mìíràn tún agbárí náà wọ̀n, wọ́n sì rí i pé ó gùn, ó sì rẹlẹ̀ lórí, lọ́nà tó jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé ṣáájú rẹ̀ gan-an. Ìtàn bí ènìyàn ṣe tàn kálẹ̀ ní Áfíríkà kò tún rí bákan náà mọ́. Ó tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ́yìn gbígbẹ́ rẹ̀ kí èyí tó hàn. Ìwé tí Shaw kọ sílẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn tó tẹ̀lé e lè padà sórí ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

Shaw yìí náà ló fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn múlẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìbàdàn ṣì ń kọ́ni títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni Zaria àti Nsukka, àjọ mùsíọ́mù sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Jos. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí yóò kọ́ nípa òkúta àti erùpẹ̀, egungun ènìyàn àti ti ẹranko, máàpù yíyà, kẹ́mísìrì díẹ̀, ìtàn, àti ìwé kíkọ tó já gaara. Yóò lọ sí oko ẹ̀kọ́, níbi tí oòrùn yóò ti pa á, tí yóò sì fọ àpáàdì títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bó. Mo ń sọ èyí kí òbí má bàa rò pé iṣẹ́ fàájì ni. Oṣù kan nínú ihò lè bí ọdún kan nídìí tábìlì. Iṣẹ́ kò sì tíì parí títí ìwé ìròyìn rẹ̀ yóò fi jáde. Awalẹ̀pìtàn tó gbẹ́lẹ̀ tí kò kọ̀wé, ó ti ba ibẹ̀ jẹ́ ni, nítorí ojú kan kì í ṣeé gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan wà tí mo rò pé ilé-ẹ̀kọ́ wa kò fún ní àyè tó: gbígbọ́ oríkì. Orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣí kúrò, orúkọ odò, iṣẹ́ tí ìran kan mọ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú oríkì orílẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Yorùbá tí kò lè jókòó ti ìyá àgbà kó gbọ́ oríkì yé ti pàdánù máàpù tó dára jù lọ tó wà ní àdúgbò. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. Aribidesi Usman ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ó ń fi ohun tí àwọn àgbà sọ wé ohun tó bá nínú ilẹ̀, ó sì ń fi hàn pé àwa tí a wà ní àríwá ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ìrù fún Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀. Akinwumi Ogundiran ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ní Òṣogbo. Mo ń fẹ́ kí irú iṣẹ́ yẹn rìn dáadáa káàkiri Ọ̀pin.

Kí ló wà ní Ọ̀pin tó lè fà wọ́n? Àwọn ibi tí ogun Ìlọrin àti ogun Nupe lé ènìyàn kúrò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkè tí wọ́n sá gùn, ahoro tí àwọn ọdẹ ń kọjá lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wa náà sì wà níbẹ̀. Gbogbo ayé mọ agbẹ́gi Aréògún ará Ọ̀sì, wọ́n mọ Bámigbóyè ará Òdó-Ọwá. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn odidi kan fún iṣẹ́ Bámigbóyè nìkan. Ṣùgbọ́n ikán wa kì í dá igi sí. Iṣẹ́ àwọn tó gbẹ́gi ṣáájú Aréògún, ọgọ́rùn-ún ọdún, igba ọdún, ti di erùpẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ lè bá wa pa mọ́ ni irin wọn, ìdàrọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ tó rọ irin náà, òkúta tí wọ́n fi pọ́n ọn. Ẹ sì wo ìyàtọ̀: ilẹ̀kùn àti ère tí ẹnìkan béèrè orúkọ agbẹ́gi rẹ̀ ní ọjọ́ tó gbé e, ó ń jẹ́ ti Aréògún lónìí. Èyí tí wọ́n gbé láìbéèrè, wọ́n kàn kọ "Yorùbá" sí ìdí rẹ̀ nínú mùsíọ́mù.

Òfin wà. Láti 1953 ni ìjọba ti ní òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èyí tí à ń lò báyìí jẹ́ ti 1979. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé e jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ. Òfin 86 ti 1992 sì ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò bà jẹ́ kí katapílà tó wọ ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń la títì gba oko yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá awalẹ̀pìtàn wà lára àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà.

Ní ti àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ bá kan nǹkan lọ́la: kó dá ọwọ́ dúró. Kó má fọ̀ ọ́, kó má fà á yọ. Kó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, pẹ̀lú igi tàbí àpáta tó wà nítòsí kó hàn nínú fọ́tò, kó da erùpẹ̀ bò ó, kó sì wá sọ láàfin. Bí egungun ènìyàn bá ni, kí wọ́n pe àgbà ìdílé tó ni ilẹ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni, nítorí òkú ẹnìkan ni. Edùn àrá tí bàbá àgbà gbé sí ojúbọ Ṣàngó náà, òkúta tí ọwọ́ ènìyàn mú dán ni, ó ti wà kí irin tó dé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò lójúbọ. Kí a kàn kọ oko tí wọ́n ti rí i sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.

Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ mi sí ààfin nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ní ìwé kan tí a ó máa kọ àwọn ahoro, yàrà, ibi ìdàrọ́ àti ojú odò àtijọ́ sí, ìlú kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀pin pẹ̀lú ojú ewé tirẹ̀. Ẹ yan ọ̀dọ́ méjì méjì tí fóònù wọn lè sọ ibi tí wọ́n dúró sí gan-an. Kí wọ́n tó lọ bá ẹnikẹ́ni mìíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀lé àwọn ọdẹ àgbà wọ inú ẹgàn ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí òjò tó mú koríko hù bo ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣa àpáàdì ní kékeré.